Ẹ̀kọ́ Ìpàdé: Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ọmọ Tí A Fipá Bá Lòpọ̀

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 13:1-22, Lúùkù 10:30-37

Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 31:8

Ète ẹ̀kọ́: Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lòpọ̀ nítòsí wa, àti kí fóònù ọwọ́ wa lè di ìrànlọ́wọ́ fún ẹni náà, kí ó má ṣe di ìbànújẹ́ kejì fún un.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe èyí tó dùn ún sọ láàárín ìjọ. Bí a bá ń kọ́ ara wa ní ọṣẹ ṣíṣe tàbí àkàrà òyìnbó dídín, ẹ̀rín a máa sọ. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ kò ní ẹ̀rín nínú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan, ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀, tàbí ìyá kan nínú ìjọ ni yóò kọ́kọ́ sá tọ̀. Ohun tí ẹni náà bá ṣe ní ọjọ́ náà lè tún ayé ọmọ náà ṣe, ó sì lè bà á jẹ́ sí i.

1. TÁMÁRÌ KÒ RÍ OLÙRÀNLỌ́WỌ́

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìtàn Támárì. Kì í ṣe àlejò ló ṣe é ní ibi. Ọmọ baba rẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó ń rìn kiri ní òru. Baba rẹ̀ ló rán an lọ sí ilé Ámnónì pé kí ó lọ se oúnjẹ fún aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọmọ náà mọ̀ dáadáa ló ń hu ìwà yìí, ìbáà ṣe ará ilé, aládùúgbò, olùkọ́, tàbí ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún.

Ẹ tún kíyè sí èyí: Ámnónì ní olùdámọ̀ràn, Jónádábù ni orúkọ rẹ̀. Támárì kò ní ẹnì kankan. Nígbà tó fi igbe ta jáde, tó da eérú sí orí, tó sì fa aṣọ rẹ̀ ya, Ábúsálómù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó panu mọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló ṣe é. Dáfídì ọba gbọ́, inú bí i, ṣùgbọ́n a kò kà á níbì kankan pé ó fi ìyà jẹ Ámnónì. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò mú àlàáfíà wá. Lẹ́yìn ọdún 2, Ábúsálómù pa Ámnónì. Támárì sì wà ní ahoro ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

2. ÀṢÍRÍ TA NI À Ń BÒ?

Àwa Yorùbá a máa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, àṣírí méjì ló wà, a kò sì gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni àṣírí ọmọ tí a ṣe ní ibi: orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀, ara rẹ̀, ohun tó sọ fún wa pẹ̀lú omijé. Èyí ni kí a bò. Èkejì ni àṣírí ẹni tó ṣe ibi náà. Èyí kì í ṣe ti wa láti bò. Bí ẹbí bá pe ìpàdé, tí wọ́n ní kí a fi owó àti ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọmọ náà fún ẹni náà láti fẹ́, àṣírí ọ̀daràn ni wọ́n ń bò, ẹ̀yìn ọmọ náà ni wọ́n sì ń gbé e gbà.

Ó dunni pé òdìkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Orúkọ ọmọ a ti dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ẹni tó ṣe é a sì wà lábẹ́ ẹní. Fóònù ló sì tún mú kí èyí yára sí i. Nítorí náà, kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: fóònù tó lè tú àṣírí ọmọ ká ní ìṣẹ́jú kan náà ló lè pe dókítà fún un ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ wa ni ó wà.

3. OHUN TÍ ARÁ SAMÁRÍÀ NÍ LỌ́WỌ́

Ará Samáríà inú Lúùkù 10 kò ní ilé ìwòsàn. Ohun tó ní ni òróró, ọtí wáìnì, ẹranko tó ń gùn, àti owó díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló lò. Kò bi ẹni tí a lù pé kí ló ń wá ní ọ̀nà náà. Ó di ojú ọgbẹ́, ó gbé e dé ibi ìtọ́jú, ó sanwó, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ pé John Wesley náà kò sá fún ohun tuntun tó lè ran aláìsàn lọ́wọ́. Ní ọdún 1747 ó tẹ ìwé ìtọ́jú ara kan jáde fún àwọn tálákà tí kò lówó dókítà. Ní ọdún 1756 ó wá ẹ̀rọ iná mànàmáná, ohun tó ṣì jẹ́ tuntun pátápátá nígbà náà, kí a lè fi tọ́jú àwọn ènìyàn. Lónìí, àwọn dókítà kì í fi irú ẹ̀rọ yẹn tọ́jú ènìyàn bí ó ti ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn tó fi ṣe é ni kí a kọ́: ohun tí ọgbọ́n ènìyàn bá mú jáde, kí ìjọ bèèrè bí a ṣe lè fi ran ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́wọ́. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti GSM ti wọ Nàìjíríà, ó ti dé ọwọ́ ìyá aláta àti ìyá àgbà ní oko. Òun ni ẹranko tí a ń gùn lónìí.

4. WÁKÀTÍ 72

Ìdí tí fóònù fi ṣe pàtàkì ni pé àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oògùn kan wà tó lè dènà kòkòrò HIV lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀. A gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, èyí tí í ṣe ọjọ́ 3. Bó bá sì ṣe yá tó, bẹ́ẹ̀ ló dára tó. Ọjọ́ 28 ni a ó fi lò ó láì fo ọjọ́ kan. Oògùn tó ń dènà oyún wà pẹ̀lú, tí a lè lò láàárín ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n tó máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè lò ó. Dókítà yóò tún wo ọgbẹ́ rẹ̀, yóò fún un ní oògùn àwọn àrùn mìíràn tí ìbálòpọ̀ ń fà, ó sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀.

Ẹ wò ó wàyí: bí ẹbí bá fi ọjọ́ 4 ṣe ìpàdé, ọjọ́ oògùn HIV ti kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìpè kì í ṣe ohun tí a ń dúró de baba ilé kí a tó ṣe. Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá tilẹ̀ ti kọjá, kí a má sọ pé ó ti bọ́. Àyẹ̀wò ṣì wà, ìtọ́jú ṣì wà, ìtùnú sì wà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí a má tíì wẹ ọmọ náà. Kí a má fọ aṣọ tó wọ̀. Bó bá ti bọ́ ọ, kí a fi bébà wé e tàbí kí a kó o sínú àpò bébà, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, nítorí náílọ́ọ̀nù a máa mú un làágùn, ẹ̀rí a sì bàjẹ́. Bó bá ti wẹ̀ kó tó sọ fún wa, kí a má bá a wí. Kí a ṣì mú un lọ.

5. IBI TÍ A LÈ PÈ

Ní ìlú Èkó, ní oṣù keje ọdún 2013, wọ́n ṣí Mirabel Centre sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: ibi kan ṣoṣo tí ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ ti lè rí dókítà àti olùgbani-níyànjú láì san owó. Irú ibẹ̀ ti wà ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Adó-Èkìtì báyìí. Moremi Clinic ni wọ́n ń pè é. Kò di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó lọ síbẹ̀ fún ìtọ́jú.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tó ka ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé léèwọ̀ ní ọdún 2011, wọ́n sì fún un ní agbára sí i ní ọdún 2019. Ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣe òfin mìíràn tó fi dandan lé e pé kí a tọ́jú ọmọdé tí wọ́n bá fipá bá lòpọ̀.

Nọ́ńbà kúkúrú méjì tún wà tó yẹ kí ó wà ní orí wa bí ẹsẹ àkọ́sórí: 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ti gbogbo Nàìjíríà, àti 627, nọ́ńbà àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn lẹ́rú àti ìwà ipá. Àjọ yìí kan náà ṣí ìwé orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ti lè wò ó. Bí ìjọ bá fẹ́ gba olùkọ́ ọmọdé, kí a wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ti mọ́ tán.

6. OHUN TÍ FÓÒNÙ WA YÓÒ ṢE

(a) Yóò pe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó wà ní Ọ̀mùò tàbí Ìfàkì lè pe Adó kí ó tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n lè máa retí rẹ̀. Bí kò bá sí owó ọkọ̀, a lè fi ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù.

(b) Yóò rán wa létí. Kí a jẹ́ kí aago inú fóònù máa dún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28 kí ọmọ náà lè rántí oògùn rẹ̀. Kí a má kọ orúkọ oògùn náà sí i; kí a kọ "àdúrà" tàbí "oúnjẹ", kí ẹni tó bá rí i má lè mọ̀.

(d) Yóò pa ẹ̀rí mọ́. Bí ẹni náà bá kọ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ tàbí ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, kí a má pa á rẹ́. Kí a ya àwòrán ojú fóònù náà, kí a sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀.

(e) Yóò bẹ̀ ẹ́ wò. Ará Samáríà ṣèlérí pé òun yóò padà wá. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí ariwo bá ti lọ, ìpè wa lè ṣe é ní oore ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

7. OHUN TÍ FÓÒNÙ WA KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp burú ju ẹyin lọ, nítorí ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò fọ́ sí. Kí a má kọ orúkọ ọmọ náà, ti ìyá rẹ̀, tàbí ti ilé-ìwé rẹ̀ sí orí WhatsApp ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àdúrà ni a fẹ́ kí wọ́n gbà. Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń gbàdúrà fún. Kí a má ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Iṣẹ́ dókítà ni láti wo ọgbẹ́. Kí a má gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí a má sì mú un tún ìtàn náà sọ fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ wa, kí a má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá bó bá jẹ́ ti ọmọdé. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe ní ibi, òun ni yóò sọ ẹni tí a lè pè. Kí a ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, kí a bá a dé ibi ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kí a má gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Kí àwa má gbà á nígbà kejì. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ojúṣe wa ni láti fi tó àwọn aláṣẹ létí.

8. NÍNÚ ÌJỌ PẸ̀LÚ

Ní ọdún 2020, ní ìlú Benin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan lọ kàwé nínú ilé ìjọsìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é léṣe tó fi kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilé Ọlọ́run. Bí a bá gbọ́ ẹ̀sùn kan lórí òṣìṣẹ́ ìjọ, kí a má pa á mọ́ sínú yàrá ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì wà, ṣùgbọ́n kò gba ipò ìdájọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ti ọmọ tí ara ń ta pé kí ó wá dárí jini kí orúkọ ìjọ má bàa bàjẹ́.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ bèèrè nọ́ńbà Moremi Clinic àti ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní Adó-Èkìtì, kí ó máa yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí nọ́ńbà a máa yí padà. Kí a kọ wọ́n sínú fóònù kí a tó túká, kí àwọn ọ̀dọ́ bá àwọn ìyá àgbà kọ tiwọn. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí ẹnu wọn lè pa ọ̀rọ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó yẹ kí ó ran Támárì lọ́wọ́ tí kò ṣe é? Kí ni ìbá ṣe?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bíbo àṣírí ọmọ àti bíbo ọ̀daràn?
3. Bí ẹbí bá ní kí a dúró títí ọjọ́ ìsinmi, kí ni a ó sọ fún wọn?
4. Ǹjẹ́ ọmọ inú ìjọ wa mọ ìyá tó lè sá tọ̀ láìbẹ̀rù? Bí kò bá sí, kí ló fà á?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tó gbọ́ igbe Hágárì àti ọmọ rẹ̀ ní aginjù, fún wa ní etí tó ń gbọ́ àti ẹnu tó ń pa àṣírí mọ́. Má jẹ́ kí Támárì kankan wà ní ahoro láàárín wa. Tu àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nínú, kí o sì fi ọwọ́ wa ṣe é. Nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.