Ẹ Kọ Èèwọ̀ Òrìṣà Kí Ẹ Tó Kọ Agbára Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe eré ìtàn orí tábìlì ní Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, inú mi dùn sí iṣẹ́ yín. Eré tí kò nílò iná mànàmáná, tí kò nílò dátà, tó jẹ́ pé ìwé, pẹ́ńsù, dáìsì àti ẹnu àwọn tó jókòó ló ń gbé e ró, ó bá àdúgbò wa mu. Ẹ sì ti dáwọ́ lé èyí tó le jù nínú rẹ̀: ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń ṣeré di òrìṣà, kó di ẹni tí ikú kò lè pa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé òfin tí ẹ ń gbé wá fún mi wò, ojú ewé àkọ́kọ́ jọra wọn jù: Ṣàngó, agbára 500, Ògún, agbára 480, Yemọja, 450. Ojú ewé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń wọ́.

Àwọn tó ṣáájú yín ti gba ọ̀nà kan náà kọjá. Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Nígbà tó di 1980, James Ward àti Robert Kuntz kọ Deities & Demigods fún un, wọ́n sì fún Zeus, olórí òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ní ẹ̀mí 400. Ohun tí a bá ti kọ iye ẹ̀mí sí lára, ẹni tó ń ṣeré yóò máa ṣírò bí òun ṣe máa pa á ni. Òrìṣà ilẹ̀ Íjíbítì wà nínú ìwé náà, ti ilẹ̀ Yorùbá kò sí. Ní 1986 Frank Mentzer gbé òfin jáde fún àwọn tó fẹ́ ṣeré bí ẹni tí kì í kú. Ní 1999 Nobilis ti Jenna Moran dé, kò lo dáìsì rárá. Ní 2016 Kevin Crawford kọ Godbound, níbi tí ẹni tó ń ṣeré ti ń bẹ̀rẹ̀ bí òrìṣà tuntun. Scion náà wà, àwọn òrìṣà wa sì wà nínú ẹ̀dà rẹ̀ tó jáde kẹ́yìn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kà á, ẹ kọ́ ohun tó dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ wọ́n kò gbé ìlú tí òrìṣà ti ń jẹ, tí ó ti ń bínú, tí ó ti ń ṣí kiri pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yin ń gbé e.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ìdè òrìṣà ló ń sọ ọ́ di òrìṣà. Ìdè náà ni èèwọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án, ibi tó jẹ́ tirẹ̀, àti àwọn tí ń pè é. Bí ẹ bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa, ìdajì òfin yín ti parí, agbára yóò sì wá fúnra rẹ̀.

Ẹ wo odò Ògùn tó ń kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá. Ìtàn kan wà pé Yemọja fẹ́ Òkèrè, ọba Ṣakí. Ó ti sọ fún un ṣáájú pé kò gbọ́dọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé, torí ó tóbi púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ọkọ mu ẹmu yó, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Yemọja sá jáde. Ó ṣubú lọ́nà, ìgò oògùn tí Olókun fún un fọ́, omi tú jáde, ó di odò, odò sì gbé e, ó kọrí sí òkun. Òkèrè sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dínà mọ́ ọn. Yemọja ké pe Ṣàngó, ọmọ rẹ̀. Àrá sán, òkè là sí méjì, omi kọjá.

Ẹ fi ojú ẹni tó ń kọ òfin eré wo ìtàn yìí. Ta ló ṣẹ̀ sí èèwọ̀ Yemọja? Ọkọ rẹ̀ ni. Èèwọ̀ tó wà lọ́wọ́ òrìṣà fúnra rẹ̀ nìkan kò dùn ní eré, torí ẹni tó ń ṣe é yóò kàn yẹra fún un láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Ẹ fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní méjì: ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ lójú, bí Ọbàtálá tí kò gbọ́dọ̀ mu ẹmu, àti ọ̀kan tí ẹlòmíràn lè ṣẹ̀, kódà ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹni tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún òrìṣà náà sì ni yóò kọ ẹ̀kejì yìí. Ẹni tó ń ṣe òrìṣà kò ní lè yan èyí tó rọrùn fún ara rẹ̀ nìyẹn, ẹni ọwọ́ ọ̀tún yóò sì máa rántí rẹ̀ jálẹ̀ eré. Kí èèwọ̀ jẹ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bí ẹnì kan bá kọ pé òrìṣà òun kò gbọ́dọ̀ tẹ òjò dídì mọ́lẹ̀, níbo ni òjò dídì wà ní Abẹ́òkúta? Ẹmu wà níbi gbogbo. Èébú wà níbi gbogbo. Ká pe ènìyàn lórúkọ tí kò fẹ́, ká fún un lóúnjẹ ká má kí i, ká jókòó sáyè rẹ̀: àwọn èyí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wò ó: nínú gbogbo ìjà yẹn, kò sẹ́ni tó kú. Aya di odò, ọkọ di òkè. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe máa ń rí. Ọya di odò, Ọbà di odò, Ògún wọlẹ̀ ní Ìrè. Lísàbí tiwa náà, tó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ sínú ẹgbẹ́ àáró tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko, tí ẹgbẹ́ náà sì di ọmọ ogun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, àwọn àgbà sọ pé ilẹ̀ ló wọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ sí Igbó Lísàbí títí dòní. Nítorí náà, ẹ pa iye ẹ̀mí rẹ́ kúrò nínú ìwé yín. Ẹ fi ìparadà rọ́pò rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ sí èèwọ̀ òrìṣà, yóò bínú, kò sì ní lè padà sí ilé tó ti jáde. Nígbà kejì, ohun kan lára rẹ̀ yóò yí padà tí gbogbo ènìyàn yóò fi mọ̀. Nígbà kẹta, yóò di odò, tàbí òkè, tàbí òkúta, tàbí igbó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì mú èyí tó wù ú. Ẹni tó ń ṣe é kò ní dìde kúrò nídìí tábìlì o. Yóò máa ṣeré lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, ẹnu ẹlẹ́gùn rẹ̀, ìyẹn ènìyàn tí òrìṣà náà ń gùn, nìkan ni yóò fi máa sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ń sáré láti di odò nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni eré ti ń dùn jù. Ẹ má dí wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ dáìsì kàn. Ògún ti ojú ogun dé sí Ìrè lọ́jọ́ tí àwọn ará ìlú wà níbi ètùtù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Ó yọ idà, ó sì bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló mọ ohun tó dé tí wọ́n fi dákẹ́. Ṣé ẹ rí i? Idà Ògún kò tàsé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta dáìsì láti mọ̀ bóyá Ògún lè fi irin gé nǹkan, bóyá Ṣàngó lè sán àrá. Ẹni tó bá ta á tó sì pòfo ti sọ òrìṣà di ẹrú nọ́ńbà. Ohun tí Ògún kò mọ̀ ló dá ìtàn Ìrè sílẹ̀. Nítorí náà, kí òrìṣà ṣàṣeyọrí nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láìta ohunkóhun, kí ẹ wá ta láti mọ ohun tó fara sin fún un.

Owó ẹyọ ni mo fẹ́ràn jù fún èyí, mẹ́rin péré. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣíjú ní ìlàjì ìgbà tí a bá dà á, ọ̀nà 16 ni mẹ́rin lè gbà balẹ̀: ọ̀nà 1 fún pé kò sí èyí tó ṣíjú, 4 fún ẹyọ kan, 6 fún méjì, 4 fún mẹ́ta, 1 fún mẹ́rin. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: bí mẹ́rin bá ṣíjú, òrìṣà mọ ohun gbogbo kó tó ṣe é; bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ohun kékeré kan pa mọ́ fún un; bí ó bá jẹ́ méjì, ohun ńlá kan pa mọ́; bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun tó pa mọ́ kan àwọn ènìyàn rẹ̀; bí kò bá sí èyí tó ṣíjú, ó kan èèwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kì í ṣe dáìsì tí ilé iṣẹ́ gé. Èyí tí wọ́n ti bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti odindi kì í balẹ̀ bákan náà. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ dà á nígbà 100 lórí ẹní tí ẹ máa fi ṣeré, ẹ kọ iye ìgbà tó ṣíjú sílẹ̀. Bí ó bá ju 60 lọ, ẹ wá òmíràn tàbí kí ẹ tún òfin ṣe. Ẹ má sì fi orúkọ odù pe ohun tó bá yọ. Ẹẹ́rìndínlógún àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní àwọn tó ni wọ́n, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ta ni yóò sọ ohun tó fara sin? Èṣù ni. Ẹ má fi Èṣù fún ẹnì kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má sì sọ ọ́ di Sàtánì. Ẹ jẹ́ kí fìlà rẹ̀ máa yí tábìlì ká: ẹni tó bá wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó da owó ẹyọ ni yóò dé e, yóò sọ ohun tó pa mọ́, yóò sì gba ìpín rẹ̀ lára ohun tí òrìṣà náà rí gbà. Bí ìpín yẹn kò bá sí, Èṣù yóò kàn jẹ́ ẹlẹ́nu ni, eré yóò sì rọ̀.

Ìdè kẹta ni àwọn ènìyàn, èyí tí púpọ̀ nínú yín ń gbàgbé pátápátá. Àwọn baba wa ní bí kò bá sí ènìyàn, kò sí imalẹ̀, ìyẹn òrìṣà. Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá dénú, kọ̀wé lé e lórí ní 1981, bí ènìyàn ṣe ń sọ òrìṣà di ńlá tí ó sì lè fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan nídìí tábìlì ní ẹ̀dá méjì: òrìṣà tirẹ̀, àti ènìyàn kan tó jẹ́ olùsìn òrìṣà ẹlòmíràn. Èmi ni Ọya, àmọ́ èmi náà ni ìyá aláṣọ tó ń bọ Ògún tí ìwọ ń ṣe. Bí o bá fi ìyà jẹ ìyá aláṣọ yẹn, mo lè sọ fún ọ pé òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi, kí n sì lọ. Òrìṣà tí kò ní olùsìn kò kú. Ó dákẹ́ ni, títí ẹnì kan yóò fi tún pè é.

Ìdè kejì, ibi tó jẹ́ ti òrìṣà, ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn yìí. Nígbà tí ogun tú ilé àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ olórí wọn kó wọn dé abẹ́ òkúta Olúmọ ní 1830, wọ́n gbé Yemọja dání, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e gba orí òkun dé Brazil. Ní Salvador, gbogbo ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni wọ́n ń gbé ọrẹ rẹ̀ wọ inú òkun. Odò ni nílé, òkun ni níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di òfin: òrìṣà kò lè ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, olùsìn ló ń gbé e, bí ó bá sì dé ilẹ̀ tuntun, wọ́n á kọ ààyè tuntun fún un, wọ́n á sì pa ohun kan rẹ́ nínú ti àtijọ́. Ẹ fara balẹ̀ síbi ohun tí ẹ ń pa rẹ́ yẹn, ó ń dun ẹni tó ń ṣe òrìṣà náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò ní fi ṣeré. Ẹ fi Orò sílẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a wà, òfin rẹ̀ pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí i sì kan àwọn ọmọbìnrin tó jókòó tì yín; ẹ ó lé wọn dìde ni, tàbí ẹ ó fi nǹkan ilé bàbá yín ṣẹ̀sín. Ẹ má da ọfọ̀ tàbí ẹsẹ Ifá sínú eré. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ òrìṣà kan sínú ìwé, ẹ lọ bá àwọn tó ń bọ ọ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí, ẹ sì yọ ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ. Bí òbí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì bá bi yín pé kí ni ẹ ń ṣe, ẹ pè é wá jókòó wo eré náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún àwọn tí kò bá yín kọ ọ́: ọmọ ọjà méjì mẹ́ta tó mọ Whot àti lúdò, tí kò tíì rí irú eré yìí rí. Ẹ fún wọn ní ìwé òfin, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má là wọ́n lọ́yẹ. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gbójú sókè wò yín, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀. Bí ìlà bá pọ̀ lórí abala kan, ẹ ya abala náà kúrò, ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá àwọn ọmọ mìíràn, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ̀ ọ́n.