Òròmọdìẹ Láàárín Àwọn Àgbébọ̀

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń sin adìẹ ní àgbàlá ilé, ní Rẹ́mọ àti ní agbègbè rẹ̀

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ láyé àtijọ́, òròmọdìẹ kì í dé àgbàlá láìní ìyá. Àgbébọ̀ a yé ẹyin sí igun ilé ìdáná tàbí sínú ògbólógbòó apẹ̀rẹ̀, a sàba lé wọn fún ọjọ́ 21, a sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde sí gbangba. Bí adìẹ mìíràn bá súnmọ́ wọn, ìyá a fẹ ìyẹ́, a sì kọjú ìjà sí i. Bí àwòdì bá ń rà lókè, a pè wọ́n wá sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Irú ìtọ́jú yìí ni Olúwa fi ṣe àpèjúwe nígbà tí Ó ń dárò lórí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí ìyá yóò bá fi já wọn sílẹ̀, àwọn ọmọ náà ti dàgbà díẹ̀, àwọn àgbà inú ọ̀wọ́ sì ti mọ̀ wọ́n lójú.

Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ tí ń wọ ọ̀pọ̀ àgbàlá lónìí kò mọ ìyá. Inú ẹ̀rọ ni ẹyin rẹ̀ ti pa, inú páálí ni ó sì wà títí ó fi dé ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978 ni a ṣí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn. Ibi tí ọ̀nà náà gbé pàdé èyí tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní ni oríta ńlá Ṣàgámù, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Íntáṣéńjì. Ẹni tí ó bá ra òròmọdìẹ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ó sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ilíṣàn. Nínú àwọn irú tí a ń rà bẹ́ẹ̀ ni Noiler, tí a ń mú jáde ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àti FUNAAB Alpha, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde. Àwọn méjèèjì wà fún ẹyin àti fún ẹran, wọ́n sì lè jẹ̀ ní àgbàlá.

Àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹni tí yóò jà fún wọn. Ẹni tí ó bá tú wọn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbébọ̀ ní ọjọ́ tí ó rà wọ́n, kì í pẹ́ kí ó tó bá wọn pẹ̀lú orí bíbó àti ojú fífọ́. Òmíràn a sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó a ṣòfò, ọkàn àwọn ọmọdé ilé a sì bàjẹ́. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mọ̀ pé ẹni tí ó bá ra òròmọdìẹ láìra ìyá, ó ti ra iṣẹ́ ìyá mọ́ ọn.

1. Ìdí tí àgbébọ̀ fi ń sọ àlejò

Àwọn ènìyàn a máa wí pé ìkà ni àgbébọ̀ tí ó bá sọ òròmọdìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí a bí ní 1894. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń kíyèsí ìwà àwọn adìẹ, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ní 1921 àti 1922 ó gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde. Ó fi hàn pé ipò wà nínú ọ̀wọ́ adìẹ: ọ̀kan wà tí ń sọ gbogbo àwọn yòókù, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, èkejì a máa sọ gbogbo wọn àfi ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé èyí tí gbogbo wọn ń sọ, tí òun kò lè sọ ẹnikẹ́ni.

Bí ipò wọ̀nyí bá ti fìdí múlẹ̀, ìjà a dínkù, nítorí olúkúlùkù ti mọ ẹni tí yóò yà fún. Orí àti ogbe ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Àlejò tí ó bá wọlé kò ní ipò kankan, gbogbo ọ̀wọ́ ni yóò sì fẹ́ fi ipò tiwọn hàn án. Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́, tí wọ́n fi ń wí pé adìẹ tí ó bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi í dúró. Adìẹ tí ó ti gbó lè fara da ìsọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbárí òròmọdìẹ rọ̀, ẹnu àgbébọ̀ kan ṣoṣo sì tó láti pa á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti hàn, àwọn yòókù a sáré wá sọ ojú kan náà.

2. Ìyá àgbàtọ́

Ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ ni kí a wá ìyá fún wọn. Adìẹ ìbílẹ̀ tí ó bá ti sàba fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lè gba ọmọ ẹlòmíràn. Kí ọlọ́sìn dúró di alẹ́, nígbà tí òkùnkùn bá ti ṣú; kí ó rọra fa ẹyin jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi òròmọdìẹ rọ́pò wọn lábẹ́ ìyẹ́ ìyá. Kí ó máṣe tan àtùpà sí i lójú. Àwọn òròmọdìẹ náà kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọjọ́ 3 lọ. Èyí tí ó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbọ́ ohùn ìyá tuntun, ìyá náà kì í sì í fẹ́ gbà á. Nǹkan bí 10 sí 12 ni àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan lè bò dáradára.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí ọlọ́sìn wà nítòsí. Bí ìyá bá ń ké sí wọn ní ohùn jẹ́jẹ́, tí ó sì ń fi oúnjẹ hàn wọ́n, ó ti gbà wọ́n. Bí ó bá ń sọ wọ́n lórí, kí a kó wọn kúrò lójú kan náà, nítorí kì í ṣe gbogbo àgbébọ̀ ni í gba àgbàtọ́. Bí ó bá gbà wọ́n, kí a fi ìyá àti ọmọ sínú àgò fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọlọ́sìn fúyẹ́, nítorí ìyá ni yóò jà fún wọn.

3. Bí kò bá sí ìyá

Òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní ìyókù pupa ẹyin nínú ikùn, èyí tí ó lè gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ 3. Ìdí nìyí tí a fi lè kó wọn rin ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ooru a máa pa wọ́n kánkán. Páálí tí a gbé ka oòrùn ọ̀sán ní oríta Ṣàgámù, níbi tí a gbé ń dúró de ọkọ̀, lè di pósí fún wọn. Kí a rìn ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Kí páálí ní ihò. Kí a má sì gbé ẹrù lé e.

Nílé, kí àgò wọn wà lọ́tọ̀, níbi tí ológbò àti eku kò lè dé. Ní ọ̀sẹ̀ kíní, ìwọ̀n ooru 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ wọ́n. Kí ó sì máa dínkù ní nǹkan bí 3 lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, kí ó wo àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Bí wọ́n bá gún ara wọn jọ tí wọ́n sì ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n sì ń yanu, ooru pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń sùn, ó tọ́. Ìgbà ọyẹ́ gba ìṣọ́ra, nítorí òru a máa tutù bí ọ̀sán tilẹ̀ gbóná.

Kí a kíyèsí èyí fún ìlera ilé: èéfín èédú tí a kò lè rí lè pa ènìyàn àti adìẹ nínú yàrá tí a sé pa. Kí a máṣe gbé ìkòkò èédú sí yàrá tí àwọn ọmọdé ń sùn sí. Ẹni tí ó bá sì ti fọwọ́ kan òròmọdìẹ, kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

4. Àrùn àti oúnjẹ

Kì í ṣe ẹnu àgbébọ̀ nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Àrùn lúkúlúkú lè pa ọ̀wọ́ kan run ní ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ Newcastle, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ó ti jà ní 1926, ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín oṣù kejìlá ọdún 1952 àti oṣù kejì ọdún 1953. Ó lè wà lára adìẹ fún ọjọ́ 2 sí 15 kí ó tó hàn. Nítorí náà, adìẹ tí a bá rà ní ọjà, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ le tó, kí ó wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán. Kí ọlọ́sìn kọ́kọ́ bọ́ àwọn ọmọ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa gbé àrùn lọ bá wọn. Oògùn àjẹsára wà fún lúkúlúkú. Ilé Ìwádìí Àrùn Ẹranko ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe é. Kí a bi oníṣègùn ẹranko ní ọjọ́ tí ó yẹ láti lò ó, kí a tó da àwọn adìẹ pọ̀.

Níti oúnjẹ, èyí tí a ń tà fún adìẹ tí ń yé ẹyin kò yẹ òròmọdìẹ. Ẹfun inú rẹ̀, tí í mú èèpo ẹyin le, a máa ba kíndìnrín ọmọ jẹ́. Nígbà tí àgbà àti ọmọ bá ń jẹun pọ̀, kí a fún gbogbo wọn ní oúnjẹ adìẹ tí ń dàgbà, kí a sì gún ìkarahun ìgbín sínú àwo mìíràn fún àwọn àgbébọ̀.

5. Ìdàpọ̀

Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kó ara wọn jọ, tí wọ́n tẹ Ṣàgámù dó fún ààbò lọ́wọ́ ogun. Òfin, Mákùn, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn yòókù di ìlú kan, síbẹ̀ olúkúlùkù ní àdúgbò tirẹ̀, orúkọ àwọn àdúgbò náà sì wà títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí láàárín adìẹ: kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ aládùúgbò kí wọ́n tó di ará ilé kan.

(a) Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ìyẹ́ bá ti bo àwọn ọmọ, kí a gbé àgò wọn, tí a fi wáyà olójú wẹ́wẹ́ ṣe, sí ibi tí àwọn àgbébọ̀ gbé ń jẹ̀. Kí wọ́n máa rí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ 2, láìfi ẹnu kan ara wọn. Kí a máa da ikán àti ewé tútù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà náà.

(b) Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí a máa ṣí àgò ní ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí kan kí adìẹ tó wọ̀, kí ẹnìkan sì wà níbẹ̀. Kí a ṣe ihò kékeré sí ara àgò, tí ọmọ lè gbà wọlé tí àgbébọ̀ kò lè gbà, kí ẹni tí a ń lé lè ní ibi ìsádi.

(d) Ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, kí a kó wọn lálẹ́ lọ sí orí igi tí àwọn àgbà wọ̀ sí. Kí a kó gbogbo wọn lọ pọ̀. Kí a máṣe fi ọ̀kan ṣoṣo síbẹ̀, nítorí òun nìkan ni gbogbo ìyà yóò jẹ. Kí ọlọ́sìn sì dé ilé adìẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

(e) Kí oúnjẹ àti omi wà ní ojú 2 tàbí 3 tí ó jìnnà síra, kí àgbébọ̀ kan má lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀.

(ẹ) Ìsọ kan tàbí méjì, tí ọmọ sì yà fún àgbà, kì í ṣe ìjà. Ọ̀nà tí ó fi ń kọ́ ipò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbébọ̀ kan bá ń lé ọmọ láìsinmi, àgbébọ̀ náà ni kí a mú kúrò, kì í ṣe ọmọ. Kí ó wà níbi tí kò lè rí àwọn yòókù fún ọjọ́ 3 sí 5. Nígbà tí ó bá padà, òun náà ti di àlejò, ìgbéraga rẹ̀ a sì rọ̀.

(f) Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn lára rẹ̀, kí a yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí a fi omi iyọ̀ wẹ ojú ọgbẹ́ náà, kí ó má sì padà títí yóò fi jinná.

Ẹni tí ó bá ra òròmọdìẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje yóò gbé àgò wọn jáde ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò a máa dá díẹ̀ ní Rẹ́mọ; yóò sì kó wọn wọ ilé àwọn àgbà nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá ń parí lọ. Bí ìtọ́jú bá pé, ẹyin àkọ́kọ́ lè dé ní àsìkò Kérésìmesì.

Oṣù mẹ́ta dàbí ẹni pé ó pẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá adìẹ ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, títí tí yóò fi lè dá dúró, tí kò sì kánjú. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kí ó gba sùúrù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òròmọdìẹ tí ìyá kó jáde àti èyí tí a rà nínú páálí?
2. Kí ni Schjelderup-Ebbe rí nínú ọ̀wọ́ adìẹ?
3. Èéṣe tí a fi ń fi òròmọdìẹ sábẹ́ ìyá àgbàtọ́ ní òru?
4. Báwo ni ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ṣe lè mọ̀ pé òtútù ń mú òròmọdìẹ?
5. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó yẹ kí adìẹ tí a rà ní ọjà fi wà lọ́tọ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
6. Bí àgbébọ̀ kan bá ń lé òròmọdìẹ láìsinmi, èwo nínú wọn ni kí a mú kúrò?