Ọ́ìlì ń jò lórí ẹ́ńjìnnì? Ẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà wò ná

Tí ẹ bá páàkì mọ́tò tí ẹ ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jóná, tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí òkè ẹ́ńjìnnì sì rin gbindin, ẹ má tíì gbà fún ẹni tó bá ní ẹ gbọ́dọ̀ tú top cylinder. Ó lè jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà lásán ló ń jò. Owó iṣẹ́ méjèèjì ò súnmọ́ra rárá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ ti Corolla 2005 ilé wa, sípánà 10 ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Kí ni kọ́fà yìí ń ṣe gan-an? Ọmọrí ni. Abẹ́ rẹ̀ ni camshaft wà, irin gígùn tó ń yí, tó ń ti fáàfù ṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí èéfín sì jáde. Ọ́ìlì ń ta káàkiri ibẹ̀ bí ọbẹ̀ tó ń hó, kọ́fà ló ń dá a dúró. Top gasket wà nísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ: òun ló ń dí iná tó ń bú gbàmù nínú cylinder mọ́, tó sì ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Tí òun bá ti lọ, omi rádíétọ̀ á máa dín kù láìjò síta, èéfín funfun á máa jáde ní sálẹ́ńsà, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Tí ẹ ò bá rí ìkankan nínú wọn, ẹ fura sí kọ́fà.

Ẹ má sì ní kó ṣì máa jò lọ bẹ́ẹ̀ o. Manifold tó ń gbé èéfín jáde wà nísàlẹ̀ etí kọ́fà, ooru rẹ̀ lè kọjá 400°C tí mọ́tò bá ń sáré. Ọ́ìlì tó bá kán sí i á máa rú èéfín; tó bá pọ̀, ó lè gbiná. Ọ̀nà kejì tó ń gbà ṣèpalára ni pé ó máa ń ṣàn sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Á ba rọ́bà kọ́ìlì jẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, iná check engine á tàn. Tí ẹ bá rí kóòdù P0301, cylinder àkọ́kọ́ ni kò jóná dáadáa.

Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà ń dí ọ̀nà nítorí pé tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń fẹ́ padà sípò. Ẹ rántí búrẹ́dì Agége: tó bá ṣì gbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́, á wú padà; lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Bí ooru ẹ́ńjìnnì ṣe ń sọ rọ́bà náà di nìyẹn. Nítorí náà, fífún nọ́ọ̀tì le sí i kò lè wo jíjò náà sàn. Agbára tí nọ́ọ̀tì yẹn ń fẹ́ kò ju bíi 10 Newton-mita lọ, bí ìgbà tí ẹ bá so ìwúwo kìlógíráàmù kan mọ́ ìdí sípánà tó gùn tó mítà kan. Ẹnì kan ti fún ti wa jù rí, kọ́fà náà sì ti sán létí ihò nọ́ọ̀tì. Ìdí tí gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò fi tó mi nìyẹn. Mo ra kọ́fà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Mo fi rúlà gbọọrọ lé etí rẹ̀ kí n tó sanwó, torí èyí tó bá ti wọ́ á tún jò ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ sì yọ orí bátìrì. Ẹ fi nọ́ńbà sí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ wọ́n. Tí kọ́fà bá lẹ̀, ẹ fi igi gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ má ki skúdíráfà bọ̀ ọ́, torí álúmíníọ̀mù ò pẹ́ ẹ́ ní ojú àpá. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu etí ibẹ̀ dáadáa, láìjẹ́ kí ìdọ̀tí já sínú.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù wá kù. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi kun gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Èyí tó bá yọ sínú á já sínú ọ́ìlì, ó sì lè dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Lára Corolla yìí, ibi méjì péré ló ń fẹ́ gọ́ọ̀mù díẹ̀, níbi tí kọ́fà timing chain ti pàdé cylinder head. Ibi yòókù, rọ́bà tó fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dì í láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kó lè jókòó dọ́gba.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni PCV, fáàfù kékeré tó wà lára kọ́fà náà. Èéfín díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì lọ sísàlẹ̀, PCV ló sì ń fà á jáde. Tó bá ti dí, èéfín yẹn á kóra jọ, á máa ti ọ́ìlì síta, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ì báà wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì ín létí. Tí ẹ ò bá gbọ́ kó-kó-kó, ẹ ra òmíràn kí ẹ tó dé kọ́fà padà.