Ẹ̀yin Tó Ń Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe, Ẹ Wo Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Ra Nǹkan

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní Computer Village n'Ìkẹjà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba fìrídọ̀ọ̀mù tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù tiyín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí oníbàárà bá gbé desktop àtijọ́ wọlé tó ní, "Ẹ gbà mí o, ó ń fà," ohun tí púpọ̀ nínú yín máa ń sọ kò ju méjì lọ. Ẹ ó ní kó lọ ra òmíràn, tàbí kí ẹ ka nǹkan rẹpẹtẹ tó gbọ́dọ̀ rà sílẹ̀ fún un. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, nítorí pé ẹ ò tíì wo ẹ̀rọ náà.

Ẹ tàn án. Ẹ jẹ́ kí Windows wọlé tán, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí. Ẹ wá ṣí Chrome àti Word bí onítọ̀hún ṣe máa ń lò ó, kí ẹ tẹjú mọ́ òpó tí wọ́n kọ Disk sí. Bó bá jẹ́ hard disk ló ṣì wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i tí òpó yẹn gun 100% tó sì jókòó síbẹ̀, nígbà tí CPU kò ju nǹkan bíi 10% tàbí 15% lọ. Ìyẹn ni pé processor kò rí iṣẹ́ ṣe, hard disk ló ń dúró dè. Ẹni tó bá ra processor tuntun sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fowó ṣòfò ni, torí ìdúró kan náà ni èyí tuntun yóò bá níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò ju báyìí lọ. Awo ló ń yí nínú hard disk, ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ desktop, tí apá tín-ínrín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ibi tí fáìlì wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí Windows bá ń tàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń béèrè, wọn kì í sì í wà lójú kan. Hard disk lè dá bíi ọgọ́rùn-ún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń dáhùn láàárín àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí SSD 240GB lásán fi lè sọ ẹ̀rọ ọdún 2012 di ohun tí èèyàn ń fi ayọ̀ lò, kódà bí ihò SATA rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò kọjá 3Gb/s. SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí owó oníbàárà ò bá tó nǹkan méjì, SSD nìkan ni kó rà, kó máa lọ.

RAM ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò tó dà bí ìyá tó ń tajà lórí àtẹ kékeré: gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè, àfi kó sáré lọ gbé e wá láti ilé. SSD mú ilé náà sún mọ́ ọn, RAM ló ń mú àtẹ rẹ̀ fẹ̀. Fún iṣẹ́ ọ̀fíìsì, 8GB tó lónìí, ẹyọ méjì tó jẹ́ 4GB sì sàn ju ẹyọ kan tó jẹ́ 8GB lọ, torí pé méjèèjì yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Windows tó wà níbẹ̀ jẹ́ 64-bit o. Bó bá jẹ́ 32-bit, kò ní lò ju 4GB lọ, bí ẹ tilẹ̀ ki 16GB bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Dell OptiPlex 7010, tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. DDR3 ló ń lò. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ tó ṣí i. Kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Iná tó máa ń wà lára èèyàn nígbà náà lè ba chip jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé lára RAM náà: ibi tí wọ́n gé ti DDR3 kọ́ ni wọ́n gé ti DDR2, ti DDR4 sì tún yàtọ̀. Bí kò bá fẹ́ wọlé, ẹ má fipá tì í. Bó bá bá a mu, ẹ tẹ orí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́" níhà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní motherboard rẹ̀ ti kú, RAM tí kò jókòó dáadáa ló ń dà á láàmú.

Lọ́jà, ẹ ka lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ara RAM. PC3-12800U ni 7010 ń lò. Bí ẹ bá rí PC3-12800R, ti server nìyẹn. Ó máa ń jẹ́ pọ́ọ́kú, yóò sì wọ ihò náà rẹ́gí, àmọ́ ẹ̀rọ kò ní tàn. Bákan náà, àwọn SSD kan wà tó ń parọ́: wọ́n kọ 1TB sí i lára, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ẹ fi H2testw dán an wò kí ẹ tó dé ẹ̀rọ padà, yóò kọ nǹkan kún inú rẹ̀, yóò sì kà á padà. Èyí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi CrystalDiskInfo wo iye wákàtí tó ti lò àti ìlera rẹ̀.

Lẹ́yìn SSD àti RAM, ẹ dúró. Processor kì í kàn gbogbo èèyàn. Àwọn tó ń fi CorelDRAW ṣiṣẹ́ fún àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú, tàbí tó ń gé fídíò, ló lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí i3-3220 bá wà nínú 7010, i5-3470 yóò wọ ojú kan náà, torí LGA1155 ni àwọn méjèèjì. Kìkì pé àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú ojú rẹ̀ lórí motherboard kò gba àṣìṣe. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, motherboard lè lọ nìyẹn. Ẹ nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò, ẹ fi tuntun sí i. Ní ti eruku, ìta ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ, kí ẹ di fáànù mú kó má baà máa yí.

Ẹ má fojú kéré bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní CR2032. Bó bá ti kú, déètì ẹ̀rọ yóò máa padà sí ọdún àtijọ́, ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù kò sì ní ṣí mọ́, torí lójú ẹ̀rọ náà, ìwé ẹ̀rí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oníbàárà yóò máa bínú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo kórìíra kí ẹnikẹ́ni gba owó ńlá lórí bátìrì yẹn.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa Windows náà. Microsoft ti dáwọ́ ìrànwọ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 àti processor Intel tí kò rẹlẹ̀ ju ìran kẹjọ lọ. Ìran kẹta ni ti 7010. Ọgbọ́n wà tí a lè fi gbé e sí i tipátipá, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé update yóò máa wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé ìkànnì ayélujára àti lẹ́tà títẹ̀ nìkan ló ń ṣe, Linux Mint yóò ṣe é lóore. Onítẹ̀wé ò lè lò ó, CorelDRAW kò sí fún Linux. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Bí owó àtúnṣe bá sì ti kọjá ìdajì iye tòkunbọ̀ ìran kẹjọ, bí OptiPlex 3060, ẹ ní kó tọ́jú owó rẹ̀, kó fi kún un, kó ra ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń fi Clonezilla kó ohun inú hard disk sínú SSD, ẹ gbé ẹ̀rọ sórí UPS, kí iná ọba má baà lọ lójú iṣẹ́. Ẹ má sì yí ètò SATA Operation inú BIOS padà, torí bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, Windows tí ẹ kó lè kọ̀ kó má tàn. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí oníbàárà tàn án fúnra rẹ̀, kó ṣí àwọn fáìlì rẹ̀ lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ yọ fún un, RAM àtijọ́, bátìrì, àti hard disk ju gbogbo rẹ̀ lọ. Fọ́tò ìyàwó àti ọmọ, ìwé ilé àti nọ́ńbà báńkì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má tà á, ẹ má tọ́jú u, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín gbé e lọ sílé.