Kó O Tó Yan Ilé Ẹ̀kọ́ Orin, Wádìí Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọ

Àbúrò mi, fọ́ọ̀mù JAMB ti fẹ́ jáde, gbogbo ènìyàn ló sì ń bi ọ́ pé yunifásítì wo lo fẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ orin lo fẹ́ kọ́ lóòótọ́, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìyẹn ni kó o máa béèrè. Nínú ẹ̀kọ́ orin, ẹnì kan ní láti jókòó tì ọ́, kó máa wo ìka rẹ lórí dùùrù, kó máa gbọ́ bí o ṣe ń mí tó o bá ń kọrin, kó sì dá ọ dúró níbi tó o ti ń ṣì í, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́rin. Ẹni yẹn gan-an lò ń yàn.

Nítorí náà, kọ́kọ́ pinnu ohun tó o fẹ́ gbájú mọ́. Ṣé ohùn ni àbí dùùrù? Ṣé fèrè ni àbí ìlù? Ẹ̀ka tó lórúkọ káàkiri lè má ní olùkọ́ fayolíìnì kan ṣoṣo. Nígbà tó o bá ti mọ orúkọ olùkọ́ náà, ránṣẹ́ sí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: "Ẹ káàsán sà, SS3 ni mo wà, dùùrù ni mò ń kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi?" Bí ó bá gbà, lu orin kan tó o mọ̀ dáadáa, kó o sì kíyè sí bí ó ṣe ń tọ́ ọ sọ́nà. Olùkọ́ gidi kì í kàn sọ pé kò dára. Á ní kó o tún un lù, á fi bí ọwọ́ ṣe yẹ kó wà hàn ọ́, etí ìwọ fúnra rẹ á sì gbọ́ ìyàtọ̀ kó o tó dìde níbẹ̀.

Má dá lọ o. Obìnrin sí obìnrin ni mo fi ń bá ọ sọ èyí: ẹ̀kọ́ ẹni méjì nínú yàrá kan ni ẹ̀kọ́ orin. Bi àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ẹ̀ka náà léèrè bí olùkọ́ yẹn ṣe ń ṣe sí wọn. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ wo ara wọn lójú kí wọ́n tó dá ọ lóhùn, gba ibòmíràn lọ, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dáńgájíá tó.

Bí ọ̀nà bá ṣí, dé ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ kankan. Ní kí wọ́n mú ọ dé yàrá ìdánrawò. Jókòó sídìí dùùrù, kó o fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Èyí tó o tẹ̀ tí kò padà dìde, èyí tó dún kọ̀ láìní ohùn, kíyè sí wọn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí dùùrù onígi sinmi. Tí wọn kò bá ń pe ẹni tó ń tún un ṣe déédéé, ohùn rẹ̀ á yẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ọdún mẹ́rin gbọ́ ohùn tó ti yẹ̀, etí tirẹ̀ náà á bá a lọ. Wo pátákó ìkéde: ṣé ìwé eré orin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lọ́dún yìí ló wà níbẹ̀, àbí ti ìgbà láéláé? Bi ẹni tó wà ní ọdún kejì pé ìgbà wo ló rí olùkọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá lọ.

Ní ti ibi tó o lè lọ, Nsukka ni yunifásítì tó kọ́kọ́ dá ẹ̀ka orin sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1961. Ifẹ̀ àti Yunifásítì Èkó náà ń fi orin gboyè. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ sítúdíò, gbígba ohùn sílẹ̀ àti ẹ̀rọ lọ́kàn rẹ fà sí, Poli Ìbàdàn ní Music Technology, ND àti HND. Ní tèmi, ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, l'Ékòó, ni mo máa ń dárúkọ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá: dípúlómà ọdún méjì ni, ìdánrawò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. MTN Foundation ti sanwó fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Béèrè bí ètò náà ṣe rí lọ́dún tó o fẹ́ wọlé.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa lórin, sol-fa la sì ń kà. Má ṣe fojú kéré sol-fa, ó ń la etí. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún ni yunifásítì máa gbé síwájú rẹ, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nísinsìnyí. Ìdánwò tíọ́rì ABRSM lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìpele márùn-ún, Grade 5, ni kó o lé bá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ìdánwò ohun èlò ìpele kẹfà sókè láìkọ́kọ́ yege nínú rẹ̀, àfi tó bá ní èyí tí wọ́n ń gbà dípò rẹ̀. Tí ilé ìwé rẹ kò bá ń kọ́ orin fún WAEC, tètè pe ẹ̀ka tó o fẹ́, kó o béèrè ohun tí wọ́n máa gbà.

Ó ku àwọn òbí. "Ṣé orin lo fẹ́ máa jẹ?" Má bínú, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Má fi olórin tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n dá wọn lóhùn. Sọ fún wọn nípa Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, tó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh, l'Amẹ́ríkà. Sọ fún wọn nípa Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kàwé dé Cambridge, tó padà wálé wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún wọn: olùkọ́ orin nílé ìwé, atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ológun, sítúdíò. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n bá ọ lọ wo ilé ẹ̀kọ́ náà. Jẹ́ kí Dádì lọ béèrè owó ilé ẹ̀kọ́, kí Mọ́mì lọ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ìwọ kọrí sí yàrá ìdánrawò.