Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE Ń MÚRA ÌSINMI LỌ SÍ KÚTỌNU

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ní ìpàdé pé àwọn kan láàárín wa fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Kútọnu lẹ́yìn ọdún Kérésì ni àwọn ènìyàn ti ń wá bi wá ní ọ́fíìsì pé: èló ni yóò ná wa, ṣé ẹgbẹ́ lè yá wa lówó rẹ̀? Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ẹ̀yáwó, nítorí òun ló le jù. Owó tí ẹgbẹ́ ń yáni, owó iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó yá ₦300,000 láti fi ra aṣọ tà, bí ó bá yọ ₦200,000 nínú rẹ̀ lọ gbafẹ́, ₦100,000 péré ló kù tí yóò máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ₦300,000 pẹ̀lú èlé rẹ̀ ni yóò san. Ọjà kékeré ni yóò máa san gbèsè ńlá. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí i san, ọ̀dọ̀ onídùúró rẹ̀ ni a ó lọ. Onídùúró yìí kò dé Kútọnu o, kò sì jẹ nínú ẹja ibẹ̀! Irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ni kí ẹni tó fẹ́ lọ máa dá owó ìsinmi lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ìfipamọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ ṣírò ọkọ̀, ilé tí ẹ ó sùn sí, oúnjẹ àti owó àfipamọ́ fún àìròtẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ ₦240,000, tí oṣù mẹ́jọ sì kù, ₦30,000 lóṣooṣù nìyẹn. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó lọ láìpẹ́. Ẹni tí kò bá lè dá tó bẹ́ẹ̀, kí ó dín ọjọ́ kù, tàbí kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Kútọnu ò ní sá lọ.

Nípa ìlú náà: òun ni ìlú tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú. Èdè Fọn ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹnu odò ikú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù, ìlú aláriwo tó ń dùn ni. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá ibẹ̀, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù níbẹ̀ fún oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè.

Ìwé ìrìnnà kò ṣòro. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè wa láàyè láti wọ Benin láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó ṣì dára, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà. Kí ẹ sì máa gbọ́ ìròyìn kí ẹ tó gbéra: ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba wa ti ẹnubodè, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí i.

Owó Sẹfà ni wọ́n ń ná. Bí ẹ bá ṣẹ́ náírà púpọ̀ jù tí ẹ kò ná an tán, tí ẹ tún ṣẹ́ ẹ padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó pàdánù. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba, kí ẹ sì ka owó yín níṣojú ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ.

Bí ẹ bá dé, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní semijàn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gun ọkọ̀. Faransé àti Fọn ni wọ́n ń sọ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ Yorùbá kò wọ́n, pàápàá ní Àjàṣẹ́, tí kò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Kútọnu. Níbẹ̀ ni mọ́sáláṣí ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bràsíìlì. Ọwọ́ àwọn tó ti oko ẹrú padà wálé ni ọgbọ́n ilé bẹ́ẹ̀ ti wá. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní Ouidah, ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà àrèmabọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ní ọdún 1995, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn baba ńlá wa sínú ọkọ̀. Kí ẹ mú ọmọ yín dé ibẹ̀. Nínú Kútọnu fúnra rẹ̀, ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 ga tó 30 mítà. Etí òkun dára fún ìnàjú, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Ìgbì rẹ̀ lágbára, ó ń fa ènìyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa oníṣòwò. Bí a bá ti rí ọjà, ojú wa a máa wọ̀ ọ́. Ìjọba wa kò gbà kí ìrẹsì òkèèrè gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ àti tòlótòló oníyìnyín. Ẹni tó bá fi owó ìsinmi ra wọ́n lè pàdánù ọjà àti owó lójú kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ wá ọjà lọ, ẹ ya ọjọ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá sí àjọ ìsinmi yìí, kí ó wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé ìfipamọ́, a ó sì kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́ ní oṣooṣù.