Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére Àwọn Ọba

Ní àdúgbò Ìtòkò, ní ìlú Abẹ́òkúta, ni agbo ilé Adugbologe wà. Àwọn baba ńlá agbo ilé náà gbajúmọ̀ fún gbígbẹ́ ère ìbejì àti orí eégún, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ti kúrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá dé òkè òkun. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi kan léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère kan tí wọ́n rí nínú àwòrán, ìdáhùn wọn ni pé, "Àwọn ará àtijọ́ ni, sà." Ìdáhùn yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Àwọn ará àtijọ́ kì í pa ọwọ́ pọ̀ di àáké kan ṣoṣo mú. Ènìyàn kan ni ó ń gbẹ́ ère, ẹni náà sì ní orúkọ. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí a gbé ìtàn ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ wò lónìí.

Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìlú Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì ni a gbé bí i, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n ìlú Ìsẹ̀ ni ó gbé lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ààfin Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ó jẹ́ ẹmẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí gbangba. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ìlú mìíràn, tí àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí ránṣẹ́ pè é láti wá fi òpó àti ilẹ̀kùn ṣe ààfin wọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ àwọn òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Lára ọ̀kan nínú wọn, ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, ẹyẹ sì bà sórí adé náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò ó yóò rò pé ọba ni yóò tóbi jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olorì àgbà tí ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ọba lọ púpọ̀púpọ̀, ẹsẹ̀ ọba pàápàá kò sì kan ilẹ̀. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò mọ ìwọ̀n. Ó fẹ́ kí a mọ̀ pé ọba kò dá dúró, àti pé agbára àwọn obìnrin wà lẹ́yìn ìtẹ́.

Iṣẹ́ tí ó tún lókìkí ju èyí lọ ni ilẹ̀kùn alápá méjì tí ó gbẹ́ fún ààfin kan náà. Lápá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀ lé e. Àwọn agbẹ́gilére mìíràn a máa fín àwòrán mọ́ ara pátákó. Ṣùgbọ́n ti Ọlọ́wẹ̀ yọ jáde, orí wọn sì yí sí ẹni tí ń wò wọ́n, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Báyìí ni ó ṣe fi igi kọ ìtàn ìgbà tí ìjọba òyìnbó wọ ilẹ̀ Èkìtì.

Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò gba owó. Níkẹyìn, ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àga ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ náà kò padà wálé mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáradára: a lè rí ẹni tí yóò kan àga mìíràn, ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí Ọlọ́wẹ̀ mìíràn?

Àwo onídèérí kan tí ó gbẹ́ wà ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan ni ó kúnlẹ̀ tí ó gbé àwo náà dání, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sì ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwo, láàrin àwọn ère tí ó kúnlẹ̀ yí i ká, orí ọkùnrin kan wà tí ń yí gbirigbiri, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde. Kì í ṣe pé a tì í wọlé. Láti ara igi kan náà ni ó ti gbẹ́ ẹ níbi tí ó wà, láìjẹ́ kí ohun tí ó yí i ká já.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Oríkì rẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì náà létí onímọ̀ òyìnbó kan, èyí tí ó gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1998, a ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní Washington, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pe orúkọ, yóò sọnù. Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ta ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí? Ta ni ó ya àdìrẹ tí ìyá àgbà fi pamọ́ sínú àpótí? Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí sì ni ó fà á tí kò fi dùn mọ́ olùkọ́ nínú?
2. Kí ni Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ fi yé wa nígbà tí ó gbẹ́ olorì ga ju ọba lọ?
3. Ṣe àpèjúwe ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.
4. Ǹjẹ́ pàṣípààrọ̀ ọdún 1924 tọ́? Sọ ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.
5. Kọ àròkọ kan lórí oníṣẹ́ ọnà kan ní àdúgbò rẹ. Má ṣe gbàgbé orúkọ rẹ̀.